Ìtọ́jú Ère Onígi Àtijọ́ Nínú Ilé: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ẹbí ní Àkúrẹ́, Òǹdó àti Agbègbè Wọn

Ọ̀pọ̀ ilé ló wà ní Àkúrẹ́, ní Ìdànrè, ní Ọ̀wọ̀ àti ní ìlú Òǹdó tí ère onígi ṣì wà nínú àpótí ìyá àgbà, ní orí àjà, tàbí ní igun yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí mọ́. Ó lè jẹ́ ère ìbejì (ère tí wọ́n gbẹ́ dípò ìbejì tó kú) méjì tí wọ́n fi aṣọ wé pọ̀, ó lè jẹ́ ọpọ́n Ifá bàbá bàbá ẹni, agere (àwo onígi tí wọ́n ń kó ikin Ifá sí) tí ikin ti kúrò nínú rẹ̀, oṣé Ṣàngó, tàbí, ní apá Ọ̀wọ̀, orí àgbò onígi tí wọ́n máa ń gbé sí ojúbọ àwọn baba ńlá. Nígbà tí wọ́n bá ń tún ilé ṣe tàbí tí àgbà kan bá papò dà ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń jáde síta, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ rí i kì í sábà mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí fún. Lójú tèmi, ọṣẹ, fáníìṣì àti ọ̀dà tí àwọn ọmọ ilé fi inú rere lò ti ba ère jẹ́ ju bí ikán ti bà á jẹ́ lọ, nítorí náà, ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú ìtọ́sọ́nà yìí dá lórí ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ bi àwọn àgbà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun

Ère ìdílé kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ inú yàrá yín ni wọ́n ti bá a. Olórí ẹbí ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ìyá tàbí bàbá tó dàgbà jù lọ nínú agboolé, tó lè rántí ìgbà tí wọ́n ń lò ó. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá wọ́n ṣì ń bọ ọ́. Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá ṣì ń bọ ọ́, òun ló ni àṣẹ lórí wíwẹ̀ ẹ́, bíbọ́ ọ àti fífi osùn pa á lára, ohun tí mo sì máa sọ nípa ìmọ́tótó nísàlẹ̀ kò kan irú ère bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí ẹ lè ṣe fún un kò ju kí ẹ máa ṣọ́ ikán, kí ẹ máa ṣọ́ òrùlé tó ń jò, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ bí ó bá gbà fún yín. Bí ó bá jẹ́ ohun èlò Ifá, ẹ pe babaláwo tó mọ ilé yín kí ó sọ ẹni tó lè fọwọ́ kàn án àti ohun tó yẹ kí a ṣe kí a tó gbé e kúrò níbi tó wà.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àwọn kan sì gbà pé iná ló yẹ kí wọ́n sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ nínú ilé rẹ̀ lè gbé e fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó fẹ́ ẹ, tàbí kí ẹbí fohùn ṣọ̀kan láti fi í fún mùsíọ́mù. Èyí tí a bá ti sun kò ní àbọ̀ mọ́.

Nígbà tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀ka èdè tí ó ń sọ, ẹ má ṣe yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ bi í léèrè ẹni tó ni ìbejì náà, èyí tó kú nínú wọn, orúkọ òrìṣà ilé, ìgbà tí wọ́n bọ́ ọ kẹ́yìn, ìlú tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ, àti orúkọ agbẹ́gilére. Orúkọ agbẹ́gilére ló máa ń sọnù jù lọ. A mọ Olówè ará Ìsẹ̀, tó kú ní ọdún 1938, nítorí pé àwọn ọba gbé e níyì, àti nítorí pé ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì dé ibi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley, ní London, ní ọdún 1924, tí kò sì padà wálé. Mùsíọ́mù British Museum ló wà títí di òní. Àwọn tó gbẹ́ ère fún àwọn ìyá wa ní ilé lásán kò rí ẹni kọ orúkọ wọn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kí ìyá àgbà kan ní àdúgbò Ìjọmu ní Àkúrẹ́ ṣì rántí ọ̀kan nínú wọn. Bí ìlú Òǹdó ni ẹ ti ń béèrè nípa ìbejì, kí ó má yà yín lẹ́nu bí ìdáhùn bá gùn, nítorí pé ìtàn ìlú náà fúnra rẹ̀ sọ pé Púpùpú, obìnrin tó kọ́kọ́ jẹ Ọṣemàwé (oyè ọba Òǹdó), jẹ́ ọ̀kan nínú ìbejì tí wọ́n mú kúrò láàfin pẹ̀lú ìyá wọn nítorí pé èèwọ̀ ni ìbejì nígbà náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Bí a ṣe ń gbé e

Ẹ kọ́kọ́ palẹ̀ ibi tí ẹ máa gbé e sí mọ́, kí ẹ sì tẹ́ aṣọ tó nípọn sórí tábìlì, kí ẹ tó gbé e rárá. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ọwọ́ méjèèjì ni a fi ń gbé ère: ọ̀kan lábẹ́ ìdí rẹ̀, èkejì ní àyà tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. A kì í di ère mú ní apá, ní orí, tàbí ní ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn àti ní ìbàdí rẹ̀, torí òwú tí wọ́n fi sín ìlẹ̀kẹ̀ náà lè ti gbó kọjá ohun tí ojú lè rí. Ọpọ́n Ifá ní tirẹ̀, a máa ń gbé e ní ìdùbúlẹ̀ gbalaja, a kì í fi etí rẹ̀ gbé e sókè.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó fẹ́lẹ́, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò. Ti aṣọ máa ń kọ́ igi tó bá ti ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Ohun kan wà tó mú kí èyí ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ kòkó bíi tiwa: ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú ilé ti fi oògùn kòkó bíi Gammalin 20 pa ikán lára ère láyé àtijọ́, májèlé irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í sì í tètè kúrò lára igi. Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi í ṣeré.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wò ó fínnífínní, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀

Ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ti kàn án. Ẹ ya iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, orí àti ìdí. Lẹ́yìn náà kí ẹ súnmọ́ ilà ojú, irun, ọwọ́, àti gbogbo ibi tó bá ti ṣẹ́ tàbí tó ti là. Ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú àwòrán kan, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ère ìbejì kì í ga ju sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 lọ, nítorí náà ìyàtọ̀ díẹ̀ nínú ìwọ̀n lè jẹ́ ohun tí a fi máa dá tiyín mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀. Ẹ kọ irú nǹkan tó jẹ́, igi tí ẹ rò pé ó jẹ́, gíga rẹ̀, àmì ara rẹ̀, àti ohun tí àwọn àgbà sọ; àwọn nǹkan wọ̀nyí náà ni ìlànà Object ID, tí àwọn mùsíọ́mù àti ọlọ́pàá káàkiri àgbáyé ti ń lò láti ọdún 1997, ń béèrè fún. A kì í fi báírò kọ nǹkan sára ère, a kì í sì í lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn. Páálí kékeré tí a fi òwú so wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ti tó.

Ẹ fara balẹ̀ wo ojú ère ìbejì, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìyá tó tọ́jú rẹ̀ ti hàn jù. Fífín ló máa ń kẹ́yìn nínú iṣẹ́ agbẹ́gilére: ìgbà yẹn ló máa ń fi ọ̀bẹ fa ìlà irun, ìpéǹpéjú àti ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lára ère tí wọ́n ti wẹ̀, tí wọ́n sì ti ń fi oúnjẹ kàn lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún, imú á ti rọ̀, ètè á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú àgbọ̀n, ojú á ku àpá fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá yí i padà, ìlà irun tó wà ní ìpàkọ́ ṣì lè mú gan-an bí ìgbà tí ọ̀bẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹ óò rí aró elú tó dúdú mọ́ àárín irun. Ẹ óò rí osùn tó ti gbẹ, tó ti le, ní abẹ́ abíyá, ní kọ̀rọ̀ ọrùn àti láàárín ẹsẹ̀, níbi tí ọwọ́ tó ń wẹ̀ ẹ́ kì í dé. Ibi tó dán àti ibi tí kò dán, ibi tó pọ́n àti ibi tó dúdú, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń gbé e àti bí wọ́n ṣe ń kẹ́ ẹ. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, tí wọ́n fi èéfín àti pólíìṣì bàtà sọ di àtijọ́, máa ń gbó káàkiri ara rẹ̀ lọ́gbọọgba, bí ẹni pé ẹ̀yìn àti iwájú rẹ̀ jọ gba ìtọ́jú kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ikán àti àwọn kòkòrò tí ń jẹ igi

Oríṣi ọ̀tá méjì ni a ní, ìṣe wọn kò sì jọra. Ikán máa ń ti ilẹ̀ tàbí ògiri wá, ó máa ń la ọ̀nà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lè jẹ inú igi tán kí òde rẹ̀ ṣì dá. Ibi tí ère dúró lé ni a ti ń dí i lọ́nà, kì í ṣe ara ère fúnra rẹ̀: ẹ gbé ère kúrò nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí àyè wà láàárín pẹpẹ àti ògiri, ẹ sì máa wo ẹ̀yìn pẹpẹ náà lóṣooṣù. Ìrókò máa ń bá ikán jà dé àyè kan; igi tó fúyẹ́ bí ire, tí àwọn agbẹ́gilére fẹ́ràn nítorí pé ó rọ̀ láti gbẹ́, kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni àwọn kòkòrò kéékèèké tó jẹ́ pé inú igi gan-an ni ìdin wọn ti ń dàgbà. Ihò róbótó tí kò fẹ̀ ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ ni wọ́n máa ń gbà jáde, tí ìyẹ̀ tó kúnná bí ìyẹ̀ròsùn á sì máa dà sílẹ̀ lábẹ́ ère. Ihò nìkan kò fi hàn pé wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n lè ti kúrò kí a tó bí yín. Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ gbọn ìyẹ̀ àtijọ́ dànù pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ gbé ère lé orí ìwé funfun, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ìyẹ̀ tuntun tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ bá tún dà sórí ìwé, kòkòrò ṣì ń ṣiṣẹ́. Ti ọpọ́n Ifá gba ìṣọ́ra: ó lè jẹ́ pé ìyẹ̀ròsùn gidi ló kù sínú fífín etí rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá ti ń tẹfá. Bí ẹ kò bá rí ihò kankan nítòsí rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Tí ẹ bá ti mọ̀ pé kòkòrò wà nínú rẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àga, férémù àti àwọn ère yòókù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ fi aṣọ òwú wé e, ẹ kó o sínú ọ̀rá tó nípọn, ẹ tẹ atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, kí ẹ sì fi sẹ́lótéèpù dí i pinpin. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà tí àwọn mùsíọ́mù ń gbà ni òtútù: fírísà tó ń dé ìwọ̀n òdo dín ní ogún lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì (−20°C), fún ọ̀sẹ̀ méjì láìdánudúró. Láìdánudúró yẹn ni wàhálà wa. Bí iná ìjọba bá ń lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí kò sì sí jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter tó lè gbà á, òtútù tó ń lọ tó ń bọ̀ á kàn mú kí kòkòrò mọ́ ọn lára. Ẹ wá fírísà ọlọ́jà ẹja tàbí ti ilé ìwòsàn tí wọn kì í pa. Nígbà tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má ṣe tú ọ̀rá náà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ lọ́jọ́ kejì, kí ìrì lè sẹ̀ sára ọ̀rá dípò ara igi. Ère tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, tàbí èyí tí awọ wà lára rẹ̀, kò yẹ fún fírísà. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ọ̀rá, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ní mùsíọ́mù.

Ẹ má ṣe fọ́n oògùn apakòkòrò bíi DDVP sí i. Ẹ má ṣe fi epo bẹntiróò, kẹrosíìnì, Solignum (oògùn tí wọ́n fi ń kun pákó) tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù pa á, bí àwọn káfíńtà ti máa ń gbani nímọ̀ràn. Wọ́n á yí àwọ̀ rẹ̀ padà títí láé, wọ́n á wọ inú osùn lọ, èémí wọn kò sì dára fún ẹni tó ń sùn nínú ilé náà. Káńfọ̀ funfun tí a ń kó sáàárín aṣọ kò yẹ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Eruku nìkan ni kí ẹ mú kúrò

Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń kun àtíkè, ni gbogbo ohun èlò tí ẹ nílò. Ẹ gbé ère dúró lórí aṣọ, ẹ fi ọwọ́ kan dì í mú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí wá sísàlẹ̀, ẹ sì máa gbọn eruku síta dípò kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí ẹ bá rí i pé àwọ̀ pupa tàbí dúdú ń bá búrọ́ọ̀ṣì jáde, ẹ dúró níbẹ̀. Eruku kọ́ ni mọ́, osùn tàbí aró ló ń ṣí.

A kì í fi omi wẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń fi osùn pa á padà, bẹ́ẹ̀ igi náà ṣì lágbára nígbà náà. Igi tó ti gbẹ fún ọgọ́ta ọdún á mu omi, á wú, á sì là nígbà tó bá tún ń gbẹ. Ọṣẹ ìfọṣọ, Hypo, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti kànìnkànìn á bó gbogbo ohun tí mo júwe nígbèésẹ̀ kẹta kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì sí osùn tuntun tó lè dá a padà. Epo pupa, òróró, òrí àti jẹ́líì ní tiwọn máa ń dán fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á lẹ̀, wọ́n á gba eruku, wọ́n á sì máa rùn. Fáníìṣì ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú á yọ osùn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí sáńpépà súnmọ́ ọn.

Ní àkókò òjò, ère tó wà nínú àpótí lè bu, kí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé bo ara rẹ̀. Ẹ gbé e síbi òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ó gbẹ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ fi ìbomú bo imú, kí ẹ sì gbọn ìbu náà dànù ní ìta. Ẹ má sá a sóòrùn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ibi tí yóò dúró sí nínú ilé

Ní Àkúrẹ́, òjò máa ń mú láti bí oṣù Kẹta tàbí Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, ọyẹ́ á sì dé ní oṣù Kejìlá. Igi máa ń wú nígbà ọ̀rinrin, ó sì máa ń sún kì nígbà ọyẹ́. Ìyípadà díẹ̀díẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan púpọ̀, èyí tó bá yá jù ló ń la á. Ìdí nìyí tí yàrá tí wọ́n ń tan ẹ̀rọ amúlétutù fún wákàtí mẹ́ta, tí wọ́n tún ń pa á, fi burú fún ère ju yàrá lásán tí fèrèsé rẹ̀ ń ṣí lọ. Ẹ yan ògiri àárín ilé, kì í ṣe èyí tí òjò ń lù. Kí ó jìnnà sí ilé ìdáná, sí fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé, àti sí orí tẹlifíṣọ̀n. Kọ́bọ́ọ̀dù onídígí dára bí wọ́n bá lu ihò sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀. Ère tí ìdí rẹ̀ kò dúró déédéé, ẹ fi aṣọ kékeré tì í. Ẹ má ṣe rẹ́ ìdí rẹ̀ kó lè tẹ́jú, ẹ má sì kan ìṣó mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí ó bá ṣẹ́

Ẹ ṣa gbogbo ẹ̀rún rẹ̀, ẹ kó o sínú àpòòwé, ẹ kọ orúkọ ère àti ọjọ́ tó ṣẹ́ sí i, kí ẹ sì dúró. Súpà gúlúù àti gúlúù káfíńtà kì í ṣe é tú mọ́. Apá tó ṣẹ́ tí a tọ́jú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ère sàn ju apá tí a lẹ̀ wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Òfin, oníbàárà àti olè

Òfin tó dá àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lórílẹ̀-èdè wa (NCMM) sílẹ̀ ní ọdún 1979 ka ère tí wọ́n gbẹ́ ṣáájú ọdún 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó tún ka èyí tí wọ́n gbẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà mọ́ ọn, bí ó bá níyì ní ti ìtàn tàbí ti iṣẹ́ ọnà, tí wọ́n sì ti lò ó rí nínú ètò ìbílẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ère ìbejì ìyá yín tí wọ́n gbẹ́ ní ọdún 1950 lè wà lábẹ́ òfin náà. Kò sí ẹni tó lè gbé e kọjá ibodè láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ yìí, àjọ náà tàbí ẹni tí ó bá fún láṣẹ nìkan ni òfin sì gbà kí ó ra irú rẹ̀. Nítorí náà, alájàpá tó bá wọ agboolé yín pẹ̀lú owó lọ́wọ́, tó ń béèrè bóyá ìyá àgbà ní “ọmọlángidi” tí kò lò mọ́, ẹ bi í léèrè ìwé àṣẹ rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á dìde.

Ẹbí tó bá fẹ́ fi ère tọrẹ tàbí tó nílò ìmọ̀ràn lè lọ sí mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀. Ẹ mú àwòrán lọ, ẹ fi ère sílé, kí ẹ sì gba ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí fún ohunkóhun tí ẹ bá fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ fi ẹ̀dà àwòrán àti àkọsílẹ̀ yín ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí méjì tó ń gbé ní ìlú mìíràn, torí pé fóònù náà máa ń sọnù. Bí olè bá gbé ère lọ, ẹ kó ẹ̀dà yìí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá àti sọ́dọ̀ àjọ NCMM lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì béèrè pé kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí INTERPOL, tó ní àkójọ àwọn iṣẹ́ ọnà tí wọ́n jí. Láti ọdún 2021 ni ẹnikẹ́ni ti lè fi áàpù ID-Art wọn wo àkójọ náà lórí fóònù.